Ọ́ìlì Ìdí Ọkọ̀: Ohun Tí Mo Rí Lábẹ́ Hilux Bàbá Mi

Láti ọjọ́ tí a ti wọlé ni àwọn tí a jọ wà ní ilé-ìsùn ti ń bi mí pé kí ló dé tí èékánná mi dúdú báyìí, tí ṣòkòtò iṣẹ́ mi sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ọ́ìlì gíà ni. Mo ti fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣàlàyé fún gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n ti ń ṣòwò, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní Hilux àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Òun ni wọ́n fi ń kó Áíríṣì, ànàmọ́ òyìnbó, láti oko ní apá Bokkos wá sí ọjà. Inú ọkọ̀ yẹn ni owó ilé-ìwé mi ti ń jáde. Nínú họ́lídè, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ tí odò sì kún ojú ọ̀nà oko, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu lẹ́yìn: wúùùù. Tí wọ́n bá tẹná, á pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n pa rédíò.

Ibi tí ohùn yẹn ti ń jáde ni wọ́n ń pè ní differential. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ ó rí irin kan tó rí rógódó bí elégédé láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń yan lọ́jọ́ eré ìdárayá. Tí ìlà bá fẹ́ yà ní kọ̀rọ̀, ẹni tó wà nínú á máa tẹsẹ̀ lójú kan, ẹni tó wà níta á fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Differential ló ń jẹ́ kí táyà ìta yára ju ti inú lọ. Òun náà ló ń gba agbára lọ́wọ́ ọ̀pá gígùn tó ti iwájú wá: gíà kékeré kan lẹ́nu ọ̀pá náà ń yí gíà ńlá kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ti wọlé nìyí. Gíà kékeré yẹn kò wọlé ní àárín gbùngbùn gíà ńlá, ẹ̀gbẹ́ àárín ló gbà. Nítorí náà, eyín wọn kì í kàn fẹnu kan ara wọn lásán. Wọ́n ń fi ara ha ara bí ọmọ ọlọ lórí ọlọ, pẹ̀lú gbogbo ẹrù ọkọ̀ lórí wọn. Ọ́ìlì lásán á sá kúrò láàárín wọn, irin á wá máa jẹ irin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po imí-ọjọ́ àti phosphorus mọ́ ọ́ìlì yìí. Tí eyín gíà bá gbóná, àwọn èròjà yìí á bo ojú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Imí-ọjọ́ yẹn lẹ̀ ń gbóòórùn lára mi.

Mẹkáníìkì tó wà nítòsí ilé wa ní ká ra kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo, ká dà á sí gíábọ́ọ̀sì àti sí ẹ̀yìn. "Alhaji, ọ́ìlì ni ọ́ìlì." Bàbá mi ti fẹ́ gbà. Èmi ni mo lọ mú ìwé ọkọ̀ jáde. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí. Ọ̀gá, ẹ má bínú o." GL-5 ni ìwé kọ fún differential, ó kọ GL-4 fún gíábọ́ọ̀sì. Èròjà inú GL-5 ló pọ̀ jù, tí ó fi lè dáàbò bo gíà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn òrùka idẹ máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́, àwọn GL-5 kan sì lè jẹ idẹ. Tí ẹ bá da GL-4 sẹ́yìn ńkọ́? Kò lágbára tó. Ọ̀gá wo ìwé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé-ìwé ti bà mí jẹ́. Àmọ́ wọ́n ra oríṣi méjì.

Nọ́ńbà tó kù lára kẹ́ẹ̀gì, bíi 80W-90, ti kíki ni. Èyí tó ní W ń sọ bí ó ṣe ń ṣàn nínú òtútù, ìkejì ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. Ẹ má fi wé ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì o. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn méjèèjì yàtọ̀, 90 ti gíà kò jìnnà sí 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì. Tí differential bá sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní LSD, ó ní ọ́ìlì tirẹ̀. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, a kọ́kọ́ wa ọkọ̀ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, a gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a fi òkúta dí táyà. Nọ́ọ̀tì méjì ló wà lára differential, ọ̀kan lókè fún dídà sí i, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún jíjò. Ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú! Tí ẹ bá ti jo ọ́ìlì tán kí ẹ tó rí i pé ti òkè ti dípẹtà, ọkọ̀ ò ní lè kúrò níbẹ̀. Tiwa dípẹtà lóòótọ́. A ki páìpù bọ ọwọ́ súpánà 24 kó tó gbọ́, ibẹ̀ ni èékánná mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Ohun tó jáde nísàlẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì tí mo mọ̀. Ó rí bíi tíì oní mílíìkì. Omi ni. Bàbá mi kàn fọwọ́ lérán. Òòfà wà lára nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀; ọ̀gá fi ìka nù ún, wọ́n fi hàn wá: ẹrẹ̀ irin dúdú tó kúnná bí àtíkè. Ìyẹn ò burú, gbogbo gíà ló ń yọ ọ́. Èyí tó burú ni èérún irin tí èékánná lè mú. A wá a, a ò rí kankan.

Báwo ni omi ṣe wọlé? Ihò ìmí kékeré kan wà lókè differential. Tí irin bá gbóná tó sì bọ́ sínú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì máa fa nǹkan wọlé. Ẹrẹ̀ ti dí ihò tiwa pa, ló bá ń fa omi gba ẹ̀gbẹ́ síìlì wọlé. Ọ̀gá fọ ihò náà, wọ́n so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, wọ́n fà á gòkè dé ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn, níbi tí omi ò ti lè dé.

A da ọ́ìlì tuntun sí i, a wà á díẹ̀, a tún jò ó kí omi tó kù lè bá a jáde. Lẹ́yìn náà la wá da èyí tó máa dúró sí i, títí ó fi ń kán jáde lẹ́nu ihò òkè. Wáṣà tuntun la fi dé e. Ti iwájú náà, a ṣí i wò, ó mọ́. Ọ́ìlì àtijọ́ lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Aládùúgbò wa kan ló gbà á láti fi kun pákó òrùlé nítorí ikán.

Híhu náà dín, kò tán. Ọ̀gá ní omi ti jẹ béárìn kan, bàbá mi sì ń tọ́jú owó rẹ̀. Wọ́n pè mí lórí fóònù olùkọ́ ilé-ìsùn wa ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n ti la odò náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti ṣí nọ́ọ̀tì òkè wò. Ọ́ìlì kò funfun.