Ó ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ò tíì jáde nínú ẹ̀: Àlàyé lórí fíìmù Martha Marcy May Marlene



Fíìmù kan wà tí mo ti wò lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Kì í ṣe fíìmù ìbọn, kì í ṣe ti iwin, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Martha Marcy May Marlene ni orúkọ ẹ̀. Sean Durkin ló darí ẹ̀, ọdún 2011 ló jáde ní Amẹ́ríkà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ olùdarí níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance lọ́dún náà. Elizabeth Olsen, tí àwọn ọmọ yín mọ̀ sí Wanda nínú fíìmù Marvel, ló ṣe Martha.

Tí wọ́n bá ní ẹnì kan wà nínú cult nílẹ̀ wa, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń fi àáké para wọn. Èyí kọ́ nìyẹn. Àwùjọ kékeré kan ni, tí wọ́n jọ ń gbé lóko kan ní agbègbè òkè Catskill, ìpínlẹ̀ New York. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick ni olórí wọn. Wọn ò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú èèyàn?

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Patrick wo Martha lójú, ó ní Marcy May ló yẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí orúkọ jẹ́ fún wa: ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti ní ẹ̀tọ́ kan lórí ẹ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin á jẹun tán kí àwọn obìnrin tó jẹ. Aṣọ, wọ́n jọ ń pín in wọ̀ ni. Tí fóònù bá dún, obìnrin yòówù tó bá gbé e, Marlene ló máa pe ara ẹ̀. Ibi tí àkọlé fíìmù náà ti wá nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fún un ní nǹkan mu tó mú kó sùn lọ, Patrick sì fipá bá a lò pọ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sọ fún un pé ohun rere ló ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, òun náà ló wá ń po nǹkan mímu yẹn fún ọmọbìnrin tuntun tó dé. Ibẹ̀ gan-an ni ìdè náà wà. Báwo lo ṣe fẹ́ ròyìn ohun tí ọwọ́ tìẹ náà wà nínú ẹ̀?

Dókítà ọpọlọ kan, Robert Jay Lifton, kọ ìwé lórí irú nǹkan báyìí lọ́dún 1961, lẹ́yìn tó fọ̀rọ̀ wá àwọn tó la irú ẹ̀ kọjá ní Ṣáínà lẹ́nu wò. Nǹkan mẹ́jọ ló kà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á máa darí ohun tí èèyàn ń gbọ́ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tó sá jáde

Ní ìdájí ọjọ́ kan, Martha yọ́ jáde, ó gba inú igbó sá lọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Lucy, tí kò ti gbọ́ ohùn ẹ̀ fún ọdún méjì. Lucy lọ gbé e wá sílé tí òun àti Ted ọkọ ẹ̀ ń lò létí adágún kan ní Connecticut.

Ilé dára, oúnjẹ wà. Àmọ́ Martha bọ́ra sílẹ̀ lójú wọn, ó bọ́ sínú omi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tọkọtaya yẹn wà lórí ara wọn, ó wọlé, ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì bíi pé kò sí nǹkan kan. Níbi tó ti ń bọ̀, kò sí ilẹ̀kùn tó jẹ́ ti ẹnì kan. Wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní òun àti bọ̀ìfúrẹ́ǹdì òun ló jà. Lọ́jọ́ kan, òun fúnra ẹ̀ ló tún pe nọ́ńbà oko yẹn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Durkin kì í sọ fún wa ìgbà tí àná bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí òní parí, torí Martha gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀?

Lóṣù Keje ọdún 2022, ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Oǹdó, ọmọdé 26 wà nínú wọn. Wọ́n ní ìgbàsókè ni wọ́n ń dúró dè. Gbogbo wa pariwo ẹ̀. Èmi oníròyìn yìí ò béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn.

Mo sì yẹ kí n mọ̀. Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti bọ̀ láti ilé àdúrà kan rí, níbi tí wọ́n ti gba fóònù ẹ̀. Tá a bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án àfi tẹ́nì kan bá ní kó jẹ. Níbi ìpàdé ẹbí, èmi ni mo sọ pé, "Ó ti tán, gbàgbé ẹ̀." Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ di òní.

Tí ọmọ yín bá bọ̀ láti irú ibẹ̀, ẹ má bi í pé báwo ló ṣe gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ yan ohun tó máa jẹ àti aṣọ tó máa wọ̀. Tí ẹ̀rù ò bá fi í sílẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, bíi ti Aro l'Ábẹ́òkúta; kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú.

Lucy ṣàṣìṣe púpọ̀ nínú fíìmù yìí, ó bínú, ó sú u. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tó dára: lọ́jọ́ tí fóònù yẹn dún, ó gbé e, ó sì wa mọ́tò lọ gbé àbúrò ẹ̀.