Ẹṣin Àná, Ọkọ̀ Òní: Ta Ni Yóò Máa Bọ́ Ọ?

Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, ẹni tí ó bá ra ẹṣin láti ìhà Òkè Ọya mọ̀ pé ìnáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí ẹṣin kò lè ṣe aláìjẹ koríko lójoojúmọ́. Àní Aláàfin ní Olókùn-Ẹṣin láàfin.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eléré ni ẹṣin òde òní. Ẹni tí ó bá ń fi oní-sílíńdà mẹ́jọ lọ sí ibi iṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, àlọ àti àbọ̀ tí ó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà, lè lo nǹkan bí lítà epo 15, níbi tí ọkọ̀ kékeré yóò ti lo 8. Kì í sì í ṣe eré sísá nìkan ní ń mu epo: bí ẹ́ńjìnnì ńlá bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjà Akẹ̀sán, ó ń mu ún síbẹ̀. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré; ta ni ń wo ibùjẹ rẹ̀?

Nígbà tí lítà kan kò tíì tó ₦200, àlékún lítà 7 yẹn kò tó ₦1,400 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, lítà kan ti kọjá ₦600, àlékún náà sì ti ju ₦4,000 lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà kí ó tà á lè fi í pamọ́ de ọjọ́ òde, kí ó máa wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ibi iṣẹ́.