Àfẹ́sọ́nà orí fóònù tó ń bọ̀ láti òkè òkun: Ta ni alárinà wọn?

Láyé àtijọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá rí omidan tó wù ú ní Ìyìn tàbí n'Ífàkì, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ sọ ọ́. Alárinà ló ń rán. Alárinà yìí ló mọ ilé tí ọmọ ti jáde, òun ló sì ń gbọ́rọ̀ lọ, tó ń gbọ́rọ̀ bọ̀. Àwọn òbí náà kò ní sùn. Wọn á ṣe ìwádìí tiwọn lábẹ́lẹ̀: ṣé wọn kì í jalè nílé náà? Ṣé kò sí àrùn ìdílé? Ṣé ọmọ náà kò tíì ní àdéhùn níbòmíràn? Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá yanjú, tí ojú ti mọ ojú, ni alárinà tó ń yẹ̀bá.

Lóde òní, fóònù ti gba iṣẹ́ alárinà ṣe. Ọmọ tó háyà yàrá kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Adó-Èkìtì, lójú ọ̀nà Ìwòròkò, lè jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ kó máa bá obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì sọ̀rọ̀ di òru. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò wọ mọ́tò lọ bá bàbá rẹ̀ ní abúlé. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní: "Bàbá mi, ìyàwó mi ń bọ̀ láti òkè òkun lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá gbà á."

Kí ni kí bàbá ṣe? Inú àwọn kan á dùn, wọn á máa ka dọ́là lọ́kàn. Ẹ̀rù á ba àwọn mìíràn, wọn á ní àwọn kò fẹ́ gbọ́. Èyí àkọ́kọ́ kò dára, èkejì náà kò dára. Fóònù mọ bí wọ́n ṣe ń mú ojú mọ ojú, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí. Iṣẹ́ ìwádìí yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹbí, kò sì kúrò níbẹ̀ rí.

Ìfẹ́ ọ̀nà jíjìn kì í kúkú ṣe nǹkan tuntun. Àwọn àgbà tó ti gbọ́njú nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Aureol bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Liverpool ní ọdún 1951 yóò rántí pé àwọn òbí kan máa ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn tó ń kàwé n'Ílùú Ọba. Wọn á fi fọ́tò ránṣẹ́, bí ọmọ bá sì ti gbà, wọn á gbé ìyàwó wọkọ̀. Àwọn mìíràn kò tíì fojú kan ọkọ wọn dáadáa rí kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni pé ilé mọ ilé. Bí ọkọ bá hu ìwà kíwà lọ́hùn-ún, bàbá rẹ̀ wà nílé tí wọ́n lè lọ bá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fóònù ti yàtọ̀ nìyẹn, ẹ sì jẹ́ ká fi ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ṣe àpẹẹrẹ.

OBÌNRIN TÍ WỌ́N TÌ MỌ́ ÒTẸ́Ẹ̀LÌ

Ní oṣù keje ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá kéde pé àwọn ti gba obìnrin ará Amẹ́ríkà kan sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní agbègbè Ajah. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, Washington ló sì ti wá. Orí Facebook ló ti pàdé ọmọ Nàìjíríà kan. Ó wọ orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Ọlọ́pàá ní ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi há obìnrin yìí mọ́ òtẹ́ẹ̀lì láìsí ìfẹ́ inú rẹ̀, pé ọkùnrin náà gba káàdì báńkì rẹ̀, pé òun ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, àti pé owó tó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó 48,000 dọ́là.

Ẹ wò ó dáadáa. Obìnrin yìí kò wá jí nǹkan, kò wá ṣe amí. Ìfẹ́ ló gbé e wá. Kò mọ ọ̀nà, kò gbọ́ èdè, kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ìyá kan tàbí bàbá kan bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń béèrè lójoojúmọ́ pé, "Ìyàwó wa ńkọ́? Ẹ mú un wá kó wá jẹun," ṣé ọ̀rọ̀ náà ìbá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ní ọdún 2020 yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kánò mú obìnrin ará California tó pàdé lórí Instagram wálé. Oṣù kìíní ni obìnrin náà wá, ilé àwọn òbí ọkọ rẹ̀ ló sì lọ. Ariwo ta káàkiri, nítorí obìnrin náà fi ọjọ́ orí ju ọkọ lọ. Síbẹ̀ wọn kò kánjú, wọn kò sì sá pamọ́. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó ṣègbéyàwó, ní gbangba, lójú ẹbí àti ará àdúgbò. Shehu Sani, tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ rí, wà níbẹ̀.

Ọ̀kan ṣe tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, èkejì ṣe é lójú ẹbí. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí òbí fi kọ́gbọ́n nìyẹn.

KÍ Ó TÓ RA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ

Bí ọmọ bá mú ọ̀rọ̀ yìí wá, ẹ̀yin òbí, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ jókòó, kí ẹ bi í ní ìbéèrè bíi ti alárinà. Kí ni orúkọ tó wà nínú páálí ìrìnnà ẹni tó ń bọ̀? Ṣé ó ti ṣègbéyàwó rí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ tàbí ìwé ikú ọkọ rẹ̀ dà? Ta ni ẹbí rẹ̀, ṣé wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀ l'Èkìtì? Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kó pè é lórí fóònù tí ẹ ó fi máa rí ojú ara yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, kí ẹnìkan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé máa túmọ̀, kó má jẹ́ ọmọ yín. Ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni fóònù rẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ fura sí i.

Ìbéèrè tó kù ni ti owó, òun ló sì le jù: owó wo ló ti kọjá láàárín wọn, ta ló fún ta? Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin òkè òkun náà ló ń fowó ránṣẹ́, tó ń san owó ilé, tó ń san owó "ìyá mi ń ṣàìsàn" nígbà tí ẹ̀yin ìyá jókòó tí ara yín le koko, kì í ṣe ìgbéyàwó lọmọ yín ń ṣe. Jìbìtì ni. Òfin ọdún 2006 lórí irú jìbìtì bẹ́ẹ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò sì sí owó ìtanràn tí wọ́n lè fi dípò. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó wà lókè òkun ló ń ní kí ọmọ yín san owó ẹrù tó há sí kọ́sítọ́ọ̀mù, òun náà lè má sí ní òkè òkun rárá.

Ẹ bi ọmọ yín ọkùnrin bákan náà bóyá ó ti ní ìyàwó tàbí àdéhùn nílé. Àwọn kan máa ń pe ìyàwó wọn ní "àǹtí mi" níwájú òyìnbó. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ti fẹ́ ìyàwó lọ́nà ìbílẹ̀, tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní kóòtù, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura.

ỌJỌ́ TÓ BÁ DÉ

Àlejò yóò gba físà kó tó kúrò nílé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún físà ìbẹ̀wò kúkúrú, kì í tún ṣe pé kó dé pápákọ̀ òfurufú kó tó gbà á. Wọ́n lè béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é, pé òun ni yóò ṣe onídùúró fún un. Ẹ ka lẹ́tà yẹn kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Kí àlejò náà gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó sì béèrè oògùn tó ń dènà ibà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ibà tó ń ṣe wá ní ọjọ́ méjì tó ń lọ lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Kí ọmọ yín má ṣe nìkan lọ pàdé rẹ̀ l'Ékòó. Kí ìyá tàbí àbúrò bàbá obìnrin kan bá a lọ. Bí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n sùn sí Èkó, kí ilẹ̀ mọ́. Wọ́n lè wọ ọkọ̀ òfurufú dé Àkúrẹ́, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 sí Adó lọ, kí wọ́n sì fi ọ̀sán rin ìyókù. A kò ní sọ fún yín pé ọ̀nà kò léwu. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba alayé méjì lójú ọ̀nà nípìnlẹ̀ Èkìtì yìí, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ṣe kéde ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ní gbogbo ọjà, ẹ má sì gbé fọ́tò rẹ̀ káàkiri.

Nǹkan mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ àlejò náà: páálí ìrìnnà rẹ̀, káàdì báńkì rẹ̀, fóònù rẹ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàsílé rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó kó wọn fún òun pa mọ́, ì báà jẹ́ ọmọ yín, ẹ gba nǹkan náà, kí ẹ dá a padà fún un. Kí yàrá tó bá ń sùn ní kọ́kọ́rọ́ tó lè fi ti ara rẹ̀ láti inú. Kó máa bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ̀yin náà sì ní nọ́ńbà wọn. Kó jẹ́ kí ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ ibi tó wà. Bó bá sì sọ lọ́jọ́ kẹta pé òun fẹ́ padà sílé, ẹ fi mọ́tò gbé e lọ, kí ẹ sì kí i pé ó dàbọ̀. Obìnrin tí kò bá lè sọ pé "rárá," kò tíì sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni."

ỌJỌ́ 21 TÍ ÒFIN FI SÍLẸ̀

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á fẹ́ kí wọ́n dé lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n sì so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Òfin pàápàá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kóòtù, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó. Wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìta gbangba fún ọjọ́ 21, kí ẹni tó bá ní ohun tó mọ̀ lè wá sọ pé òun kò fọwọ́ sí i. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé ní àgbègbè náà fún ọjọ́ 15 kí wọ́n tó fún wọn níwèé àṣẹ, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé láàárín oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀yin àgbà, kí ni ọjọ́ 21 yìí bí kò ṣe ìwádìí? Ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe lábẹ́lẹ̀ ni òfin ń ṣe lójú pátákó. Ẹ lò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kí àlejò jókòó ti ìyá ọkọ, kó rí bí ilé ṣe rí, kó rí kànga, kó mọ̀ bí iná ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti jẹ́nótáìpù. Bí ẹbí rẹ̀ kò bá lè wá síbi ìdána, kí wọ́n wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹnìkan sì dúró fún wọn. Kí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ ẹ́ḿbásì irú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí wọ́n ń gbà, kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kankan.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ní ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 26, gba obìnrin òkè òkun tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láàyè láti fi orúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ ilẹ̀ yìí. Kò fún ọkọ òyìnbó tó fẹ́ ọmọbìnrin wa ní irú àǹfààní yẹn. Onítọ̀hún yóò máa gba ìwé ìgbélùú ni. Bó bá sì jẹ́ pé òkè òkun ni tọkọtìyàwó fẹ́ gbé, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Britain gbé owó tí ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí aya wọlé gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún láti 18,600 pọ́n-ùn sí 29,000. Kí ọmọ má ṣe rò pé bí wọ́n bá ti so yìgì tán, bàálù ló kù.

Bí ìyàwó bá sì dúró tì wá níhìn-ín, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Láti ọdún 1979 ni àwọn obìnrin òkè òkun tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà ti dá ẹgbẹ́ Nigerwives sílẹ̀, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ bá a wá wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn ọmọ Yahoo ti ba orúkọ wa jẹ́ lójú ayé débi pé ọmọ tó jẹ́ olóòótọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá fi tọkàntọkàn nífẹ̀ẹ́ ará òkè òkun lónìí, wọn á kọ́kọ́ pè é lólè. Ọ̀nà tí a lè gbà fọ orúkọ yẹn mọ́ ni pé kí àlejò kan wá sí Èkìtì, kó padà sílé láyọ̀ tàbí kó di ìyàwó ilé láyọ̀, kó sì máa ròyìn wa dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí fóònù bá ti mú wọn pàdé, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe alárinà tó kù.