Owó léèsì kì í ṣe owó òtẹ́ẹ̀lì: bí ìyá ọlọ́jà ṣe lè dé Swítsàlandì kó má fi owó òwò jẹun

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta léèsì ní Bàlógun, ẹ̀yin tẹ́lọ̀ tí ẹ ń rán an, ta ni kò mọ orúkọ Swítsàlandì láàárín yín? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi orúkọ ìlú yẹn polówó aṣọ ńlá lọ́jà wa. St. Gallen ni òkìkí aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1910, àgbègbè yẹn nìkan ló ń ṣe ohun tó lé ní ìdajì gbogbo aṣọ alábẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà káyé. Ogun 1914 ló da òwò náà rú, àmọ́ ilé iṣẹ́ léèsì ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ìlú náà wọ́n bí ojú. Ká ní ìyá kan kó owó léèsì sínú báàgì, ó ń lọ sí St. Gallen fún ọjọ́ méje. Bí kò bá ṣọ́ra, òtẹ́ẹ̀lì, takisí àti ilé oúnjẹ á ti bu owó náà jẹ kó tó fojú kan léèsì kankan.

Kí ló fà á? Ọwọ́ èèyàn ni. Ní 2020, àwọn ará Geneva dìbò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ san ohun tó kéré sí 23 fráǹkì fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan, ìbáà ṣe abọ́ ló ń fọ̀. Ẹ gbọ́ o, wákàtí kan! Nítorí náà, oúnjẹ tí ẹlòmíì sè, ọkọ̀ tí ẹlòmíì wà, bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíì tẹ́, owó gọbọi ni. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe ló rọjú.

FÍSÀ KỌ́KỌ́ NÁ

Láti oṣù kẹfà 2024, 90 yúrò ni físà Schengen fún àgbàlagbà. Bí wọ́n bá kọ̀, owó ti lọ nìyẹn, wọn kì í dá a padà. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò. Swítsàlandì sì fẹ́ kí àlejò tó ń fowó ara rẹ̀ rìn fi hàn pé òun ní nǹkan bí 100 fráǹkì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní kí ẹ ná an tán o, wọ́n fẹ́ rí i pé ó wà lọ́wọ́ yín ni.

Ẹrù ńkọ́? Gàrí lè tẹ̀ lé yín. Àmọ́ kí ẹran dúró sílé, ì báà jẹ́ kílíṣí tàbí pọ̀nmọ́, àti wàrà pẹ̀lú. Òfin wọn kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti ibùsùn, ilé àlejò àwọn ọ̀dọ́ wà káàkiri, tí wọ́n ń pè ní Jugendherberge. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, wọ́n ń gba àgbàlagbà. Èèyàn mélòó kan á jọ sùn nínú yàrá kan, oúnjẹ àárọ̀ á sì wà nínú owó náà. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ sùn ní òdìkejì ibodè. Odò Rhine nìkan ló wà láàárín Au ní Swítsàlandì àti Lustenau ní Ọ́stríà, yúrò sì ni wọ́n ń ná ní Lustenau. Àwọn oníléèsì wa mọ Lustenau dáadáa, òun náà ń ṣe léèsì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960. Ẹ kíyè sí ohun kan ṣá: físà tí èèyàn ń gbà ni ti ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà tàbí tí yóò ti pẹ́ jù. Ẹni tí gbogbo oorun rẹ̀ bá máa jẹ́ ní Ọ́stríà, kó rò ó dáadáa kó tó mọ ibi tí yóò ti béèrè.

Àwọn onílé gan-an ń sá fún ọjà ilé wọn. Wọ́n ń lọ ra nǹkan ní Jámánì, ní Faransé, ní Ọ́stríà, débi pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, ìjọba dín iye ọjà tí ẹnì kan lè kó wọlé láìsan owó orí kù, láti 300 fráǹkì sí 150. Ẹran ò gbọ́dọ̀ ju kílò kan lọ.

ỌLỌ́JÀ TÓ FI ỌKỌ̀ KIRI

Oúnjẹ ilé oúnjẹ sábà máa ń lé ní 20 fráǹkì fún abọ́ kan. Súpámákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ yà sí. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn yẹ ní gbígbọ́. Ní 1925, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gottlieb Duttweiler fi ọkọ̀ akẹ́rù márùn-ún kiri ọjà ní Zürich. Nǹkan mẹ́fà péré ló ń tà: kọfí, ìrẹsì, ṣúgà, makaróní, òróró àgbọn àti ọṣẹ. Èrè tín-ín-rín ló ń jẹ, àwọn obìnrin sì ń rọ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn onísọ́ọ̀bù fárígá. Àwọn tó ń ṣe ọjà kan ò tà fún un mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó di 1941, ó sọ òwò náà di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn oníbàárà ló wá ni ín. Òun ni Migros. Wọn kì í ta ọtí nínú súpámákẹ́ẹ̀tì wọn. Ní 2022, wọ́n bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bóyá kí wọ́n máa tà á, wọ́n ní rárá.

Ní Migros àti Coop, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n máa ń lẹ bébà mọ́ oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé, pé àwọ́n ti dín owó rẹ̀ kù, nígbà mìíì títí dé ìdajì. Kò sí nǹkan tó bà jẹ́ lára rẹ̀. Ẹ rà á ní Sátidé, nítorí lọ́jọ́ Àìkú ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀bù máa ń tì, àfi ti ibùdókọ̀ ojú irin. Omi ńkọ́? Ẹ̀rọ ni kí ẹ ti pọn. Zürich nìkan ní ju 1,200 orísun omi ìta gbangba lọ, àyàfi èyí tí wọ́n bá kọ Kein Trinkwasser sí lára ni kí ẹ má mu.

Ọkọ̀ ojú irin ló kù. Láti pápákọ̀ òfuurufú Zürich, bíi wákàtí kan ló gbé èèyàn dé St. Gallen. Kò sí géètì ní ibùdókọ̀, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn wọ̀ ọ́ láìní tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ kan rìn káàkiri, Saver Day Pass wà. Ní 2024, 52 fráǹkì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá tètè rà á, ó sì ń gbé èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ti òkè oníyìnyín wá ńkọ́? Jungfraujoch ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ, ibùdókọ̀ tó ga tó mítà 3,454, tí wọ́n ṣí ní 1912. Owó ibẹ̀ ń lé ní 200 fráǹkì. Kí ìyá wa fi í sílẹ̀. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi àmì aláwọ̀ ìyeyè sí lé ní 65,000 kìlómítà ní ìlú náà, wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ní St. Gallen gan-an, kó rọra fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí Drei Weieren lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì tó rà ní Sátidé. Yóò rí ìlú nísàlẹ̀, yóò rí adágún Bodensee, tí Jámánì wà ní òdìkejì rẹ̀. Kó jókòó, kó jẹun, kó sinmi.

Lọ́jọ́ Ajé, kó gba ilé iṣẹ́ léèsì lọ. Ibẹ̀ ni kó ti tú báàgì.