Ẹrẹ̀ Odò Hudson àti Ẹja Inú Rẹ̀: Bí A Ti Ń Wọn Májèlé Tí Ojú Kò Rí

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ omi di ọ̀tá. Ìtàn odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ẹ̀rí sí èyí, ó sì yẹ kí ẹni tí ń jẹ ẹja odò fi etí sí i.

Ní etí odò náà, ní Hudson Falls àti Fort Edward, General Electric ní ilé iṣẹ́ méjì níbi tí a gbé ń ṣe ohun èlò iná mànàmáná. Òróró kan tí a ń pè ní PCB ni wọ́n ń lò nínú ohun èlò wọ̀nyí, nítorí pé kì í tètè gbiná, ooru kì í sì í tètè bà á jẹ́. Láti nǹkan bí 1947 títí di 1977 ni òróró yìí ń ṣàn wọ inú odò. EPA, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ilẹ̀ àti omi, ṣírò rẹ̀ pé ó lè tó 1,300,000 pọ́n-ùn. Ohun tí ó mú kí òróró náà wúlò ni ó sọ ọ́ di ibi: kì í jẹrà. Nígbà tí a sì wó odi tí a fi sé odò ní Fort Edward ní 1973, ẹrẹ̀ tí ó ti kó jọ sẹ́yìn rẹ̀ ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú ẹrù burúkú rẹ̀.

PCB kì í fẹ́ràn omi. Ẹrẹ̀ àti ọ̀rá ni ó ń lẹ̀ mọ́. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ ń jẹ ẹ́, ẹja kékeré ń jẹ kòkòrò, ẹja ńlá sì ń gbé ẹja kékeré mì; olúkúlùkù wọn ń kó ẹrù gbogbo ohun tí ó jẹ sínú ọ̀rá ara rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bu omi odò sínú ife lè rí i pé ó mọ́ gaara. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ bi ẹrẹ̀ àti ẹja léèrè.

Bí a ti ń wọn ẹrẹ̀ nìyí. A ó ti inú ọkọ̀ ojú omi ki ọ̀pá oníhò gígùn bọ ìsàlẹ̀ odò, a ó sì fà á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. A ó gé ẹrẹ̀ náà ní ègé-ègé bí ẹni gé iṣu: ti òkè ni ti àìpẹ́, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà àtijọ́. Báwo ni a ṣe ń mọ ọdún wọn? Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń dán bọ́m̀bù átọ́míìkì wò ní ojú ọ̀run, èròjà kan tí a ń pè ní cesium-137 bọ́ sílẹ̀ káàkiri ayé, èyí tí ó pọ̀ jù lọ sì bọ́ ní nǹkan bí 1963. Ègé ẹrẹ̀ tí ó ní i jù lọ ni a mọ̀ sí ti ìgbà náà. Lẹ́yìn èyí a ó fi oògùn fọ òróró jáde kúrò nínú ẹrẹ̀, a ó sì fi í sínú ẹ̀rọ tí ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀mọ̀wé James Lovelock, ará Ìlú Ọba, ni ó ṣe irin iṣẹ́ tí ń tú àṣírí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní 1957, bí wọ́n tilẹ̀ kéré púpọ̀. Ní 1966 Sören Jensen, ará Sweden, tí ń wá oògùn apakòkòrò DDT, kéde pé PCB ni ohun àjèjì tí òun rí nínú ẹja àti ẹyẹ.

Ti ẹja ń fẹ́ sùúrù. Irú ẹja kan náà ni a gbọ́dọ̀ mú, ní ibi kan náà, ní àkókò kan náà lọ́dọọdún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣirò yóò ṣini lọ́nà. A ó wọn gígùn rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀, a ó lọ ẹran ara rẹ̀ kúnná, a ó sì wọn ọ̀rá inú rẹ̀, nítorí pé ẹja ọlọ́ràá àti ẹja tí ó gbẹ kò lè ru ẹrù kan náà. Ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà gbà láàyè nínú ẹja ọjà ni 2 nínú mílíọ̀nù kan, bí ìgbà tí hóró àgbàdo méjì bàjẹ́ nínú mílíọ̀nù kan hóró inú àká. Èyí tí EPA ń lépa fún ẹja Hudson kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: 0.05.

Ìṣirò wọ̀nyí kì í ṣe eré. Ní 1976 ìpínlẹ̀ New York ka ẹja pípa léèwọ̀ láti Hudson Falls dé Troy, wọ́n sì fi òfin dá àwọn apẹja tí ń pa ẹja striped bass tà dúró. Ẹni tí a fi owó àwọ̀n tọ́ dàgbà rí àwọ̀n rẹ̀ tí ó gbẹ sára ògiri. Ní 1995 a gbà kí a máa dẹ ẹja ní apá òkè odò náà, ṣùgbọ́n kí a dá a padà sínú omi láàyè. Kí ni èyí ṣe fún aláìní tí ń wá ọbẹ̀? Láti 2009 dé 2015 ni a kó ẹrẹ̀ tí ó lé ní 2,600,000 yáàdì oníhà-mẹ́ta jáde. Síbẹ̀ ní 2019 EPA wí pé ó ku ọdún díẹ̀ kí a fi wọn ẹja sí i kí a tó lè sọ bí odò náà ti ń sàn tó. Ìpínlẹ̀ New York kò gbà pé iṣẹ́ ti parí, ó sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A RÁNTÍ

1. Ní 2013 àwọn olùwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ka PCB mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Aboyún àti ọmọdé ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù lọ.

2. Iná ìdáná kì í pa PCB. Bí a bá bó awọ ẹja, tí a gé ọ̀rá rẹ̀ sọnù, tí a sì yan án kí ọ̀rá kán sílẹ̀, yóò dín kù, ṣùgbọ́n kò ní tán.

3. PCB wà nínú òróró ọ̀pọ̀ tiransifọ́mà àtijọ́ ní ilẹ̀ púpọ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm tí ó fẹ́ mú un kúrò ní ayé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọn òróró tí ń jò láti ara tiransifọ́mà, kí ó má fi dín nǹkan, kí ó má fi pa ara, kí ó má sì dà á sí odò.

Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ohun tí a bá dà sí odò lónìí, inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ọmọ wa ni yóò ti jáde.