Ìjàpá Tí Kò Mu Ẹsáǹsì Mọ́

Nínú àwọn ọgbà ilé ní Tokoin Wuiti, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n gbé sórí búlọ́ọ̀kù, tí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí adìẹ ń fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ibùsùn. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà kì í gbà pé òun ti pa á tì. Yóò ní ẹ́ńjìnnì nìkan ló kú, pé ara ọkọ̀ ṣì le, pé bí òun bá rí ẹ́ńjìnnì mìíràn, ọkọ̀ náà yóò tún gun títì. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa, tí wọ́n ti ń rí zémidjan oníná ní ìgboro Lomé, ti ń bi wá léèrè ohun tó ju ìyẹn lọ: ṣé ó ṣeé ṣe kí a yọ ẹ́ńjìnnì ẹsáǹsì kúrò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ oníná sí ipò rẹ̀, nínú ọgbà ilé ẹni, pẹ̀lú sípánà àti jáàkì tí a ní lọ́wọ́?

Ó ṣeé ṣe. Ọmọ Yorùbá kan ti ṣe irú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a sì rò pé ìtàn rẹ̀ yóò wúlò fún wọn ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ.

Ní ọdún 2014 ni òkìkí Ṣẹ́gun Oyèyíọlá kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn ni í nígbà náà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó fi bí ọdún kan sọ ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ kan di ọkọ̀ tí ń gba agbára láti ara oòrùn àti afẹ́fẹ́. Owó tó ná kò tó 6,000 dọ́là, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ohun èlò rẹ̀ jẹ́ àlòkù tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí fi ta á lọ́rẹ. Èrò rẹ̀ ni pé kí èéfín tí àwọn ọkọ̀ wa ń tú sójú ọ̀run dín kù. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé lára ohun tó le jù fún òun ni àwọn tí wọ́n ń wá dúró síwájú iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń sọ pé ó ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Àwọn ọmọ tí ń tú ẹ̀rọ nílé wọn ní Wuiti yóò mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹnu ìyá àti bàbá ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ tó yàn yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀. Òun ni àwọn Faransé ń pè ní Coccinelle, tí Yorùbá Nàìjíríà sì sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ kókó. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí pọ̀. Iye rẹ̀ tí wọ́n ṣe káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 21, kí wọ́n tó ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò ní ọdún 2003. Fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì nílé, ìwọ̀nba ọkọ̀ ló rọrùn tó o. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, nítorí náà kò ní radiétọ̀, kò sì sí omi tí a ó kọ́kọ́ dà nù. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Bí a bá ti tú wáyà iná, wáyà tọ́rótù àti páìpù ẹsáǹsì, tí a sì fi jáàkì gbé e ró, a lè rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí a gbé ìdí ọkọ̀ sókè, kí a sì wọ́ ọ jáde láti abẹ́. Gíábọ́ọ̀sì yóò dúró sí àyè rẹ̀, yóò máa retí ohun tí a ó fi mọ́ ọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Yíyọ kì í gba ọjọ́ kan. Fífi mìíràn sí i ló ń jẹ oṣù. Bí ẹ̀rọ oníná kò bá bá gíábọ́ọ̀sì mu, ẹ óò ní láti gbẹ́ àwo irin tí yóò so méjèèjì pọ̀. Ọ̀pá ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì tààrà, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí àṣìṣe ibẹ̀. Bí ó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n tó kéré ju sisanra èékánná lọ, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, bíárìn yóò sì jẹ́ kí àìpẹ́. Iṣẹ́ tourneur nìyẹn, ẹ má ṣe gbé e fún ẹni tí kò ní ju òòlù àti fáìlì lọ. Ẹni tó bá ń fi ẹ́ńjìnnì venue de France pààrọ̀ èyí tó kú nínú Toyota náà ní wàhálà tirẹ̀: ìjókòó ẹ́ńjìnnì, radiétọ̀, èéfín, àti calculateur tí kò ní gbà kí ẹ́ńjìnnì jí bí wáyà rẹ̀ kò bá pé. A ti rí i kí ẹ́ńjìnnì tó dára jókòó sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí wáyà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ifẹ̀. Ṣẹ́gun gbé páńẹ́lì sólà ńlá sórí òrùlé ọkọ̀ náà. Níwájú, lábẹ́ ìdérí tí àwọn ẹlòmíràn ń kó ẹrù sí, ó fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sí i, kí atẹ́gùn tó bá wọlé nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lè máa yí i. Bátìrì wà lẹ́yìn. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni bátìrì náà fi ń kún. Ó sì ṣe ohun kan tí àwọn oníròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́, èyí tí àwa kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: ó fún sípíríǹgì ọkọ̀ náà lágbára sí i nítorí ẹrù tí yóò máa gbé. Ìjàpá inú àlọ́ ń gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn kiri. Ìjàpá ti Ifẹ̀ ń gbé agbára rẹ̀.

Báwo ni agbára náà ṣe wúwo tó? Ẹ jẹ́ ká fi kWh ṣírò rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń rà sínú Cash Power. Ní ọdún 2019, Volkswagen fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ eClassics ní Jámánì, gbé Ìjàpá oníná kan jáde. Bátìrì rẹ̀ gba 36.8 kWh, ó sì lè rin kìlómítà 200. Bí a bá pín in, kìlómítà 100 ń jẹ nǹkan bí 18 kWh. Ẹ mú páńẹ́lì sólà kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ watt 300 wàyí, kí ẹ sì gbà pé ó rí wákàtí márùn-ún oòrùn tó mú ganrínganrín. Ohun tó máa mú wá ní ọjọ́ kan ni 1.5 kWh, èyí tó tó kìlómítà mẹ́jọ. Kìlómítà mẹ́jọ kì í ṣe ohun àbùkù fún ẹni tí kò lọ ju ọjà Adawlato lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dé Aného gbọ́dọ̀ ki ọkọ̀ rẹ̀ bọ iná CEET.

Ní ti afẹ́fẹ́, a fẹ́ sọ̀rọ̀ láìfi pa mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn apá yìí jù. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, agbára bátìrì ló ń ti ọkọ̀ la afẹ́fẹ́ kọjá. Bí a bá gbé abẹ̀bẹ̀ dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ yẹn kó lè máa yí, bátìrì ni yóò san owó rẹ̀, ohun tó bá sì dá padà kò lè tó ohun tó gbà. Bí ọkọ̀ bá dúró níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Èyí kò bu iyì Ṣẹ́gun kù lójú wa. Ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà lẹ́tọ̀ọ́ láti dán ohun tó pọ̀ wò, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ní ìdí láti ná owó sí i mọ́.

Ìwọ̀n bátìrì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Bátìrì olójé tí a ń rí ní ọjà, èyí tó jẹ́ volt 12 àti 100 Ah, ń gba 1.2 kWh. Ó wúwo tó nǹkan bí 30 kg, kò sì dára kí a máa lò ó ju ìdajì lọ kó má bàa tètè kú. Bí a bá fẹ́ fi irú rẹ̀ kó 36.8 kWh jọ, a óò nílò bí 30, èyí tó jẹ́ 900 kg. Ìjàpá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ látijọ́, kò ju nǹkan bí 800 kg lọ! Ìdí nìyí tí Volkswagen fi lo bátìrì lithium, síbẹ̀ ọkọ̀ wọn ṣì wúwo tó 1,280 kg, wọ́n sì ní láti fún férémù rẹ̀ lágbára, kí wọ́n tún bíréèkì rẹ̀ ṣe. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá náà rí ní 2019, akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ti fi sípíríǹgì dá a lóhùn ní ọdún márùn-ún ṣáájú.

Ẹ má rò pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Lomé. Ìlú wa yìí ni Afate Gnikou ti fi àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ti jù nù ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ní WoeLab, tí gbogbo ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 2013. Ọ̀nà tí òun àti Ṣẹ́gun gbà jọra: wọ́n wo ohun tó wà nílẹ̀ ná.

Fún àwọn tó ti pinnu, ohun méjì ló kù tí a fẹ́ sọ. Èkíní ni ẹ̀mí yín. Bátìrì volt 12 kan kò lè ṣe ènìyàn ní ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá so mẹ́wàá tẹ̀ léra, ó ti di volt 120, èyí tó lè pa ènìyàn, kò sì ní séńgẹ́ tí ẹ lè yọ ní ilé láti pa á. Ẹ fi fíúsì àti ohun ìpaná sí àárín àwọn bátìrì náà. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀wọ̀n ọrùn kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì dá ṣe é, àgàgà ní alẹ́.

Èkejì ni ìwé. Carte grise ọkọ̀ tó ń mu ẹsáǹsì kò bá ọkọ̀ oníná mu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe visite technique yóò ṣí ìdérí wo. Ẹ kọ́kọ́ gbé carte grise náà lọ bá àwọn aláṣẹ ìrìnnà, kí ẹ bèèrè ohun tí wọn yóò fẹ́ rí, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ tó tú bóòtù àkọ́kọ́.