Ẹ̀rọ Tí A Fi Ẹ̀rí Èké Dán Wò

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, kì í ṣe wáyà irin ni ó so ẹsẹ̀ awakọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Òṣùwọ̀n kékeré méjì ni ó wà ní ìdí ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Àwọn ni ó ń fi iná sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé. Kọ̀ǹpútà a sì fi ẹ̀rí ọ̀kan wé ti èkejì. Òfin Mósè pàápàá kò fi ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo dáni lẹ́bi.

Báwo ni a ṣe ń dán irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wò? A ó gbé e sórí tábìlì, a ó sì fi ẹ̀rọ mìíràn dípò òṣùwọ̀n méjèèjì. Ẹ̀rọ yìí yóò kọ́kọ́ rán iná tí ó tọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Yóò mú kí ẹlẹ́rìí méjèèjì tako ara wọn, tàbí kí ọ̀kan dákẹ́ lójijì. Kọ̀ǹpútà tí ó bá yege ni èyí tí ó rí irọ́ náà, tí ó sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọkọ̀ òfurufú Boeing 737 MAX kan já sínú òkun ní Indonésíà, ènìyàn 189 sì kú. Lára ohun tí ó fà á ni pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà gbà gbọ́. Òṣùwọ̀n náà ṣì í sọ, kọ̀ǹpútà sì ń tẹ imú ọkọ̀ sísàlẹ̀ léraléra.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá béèrè pé, “Bí òṣùwọ̀n yìí bá purọ́ ńkọ́?”, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè tí ń gba ẹ̀mí là ni.